Ọjọ́ tí Àdírẹ́sì Oghenemaro Jáde

Lọ́ọ́yà Dáramọ́lá ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Apapa pé òun ò fẹ́ rí bébà mọ́. Kí wọ́n da gbogbo fáìlì sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ta àwọn kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Akọ̀wé rẹ̀, Fìkáyọ̀mi, ni iṣẹ́ náà já lé léjìká, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i títí di ọ̀sán Wẹ́sídeè kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fi líǹkì ìwé ẹjọ́ kan ránṣẹ́ sí lọ́ọ́yà tó ń gbẹjọ́ rò fún Friday, ọkọ oníbàárà wọn, Oghenemaro. Friday yìí ló máa ń lu ìyàwó rẹ̀ lálùbami, tí obìnrin náà fi gbé ọmọ wọn sá kúrò nílé ní Malu Road. Ibi tó sá sí, ọ́fíìsì Dáramọ́lá nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Fìkáyọ̀mi tún wo ohun tó fi ránṣẹ́. Kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Gbogbo fáìlì obìnrin náà ló ṣí sílẹ̀ fún wọn, títí kan àdírẹ́sì ibi tó sá sí. Kọ̀ǹpútà sì ti kọ orúkọ àwọn tó ti wò ó: lọ́ọ́yà náà, àti Friday fúnra rẹ̀, tí lọ́ọ́yà náà ti fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí.

Fìkáyọ̀mi yára ti líǹkì náà pa, ó sáré wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀.

"Mà, ẹ gbà mí. Friday ti mọ ibi tí wọ́n wà."

Dáramọ́lá ò pariwo. "Pe obìnrin yẹn. Kó jáde nínú ilé náà báyìí."

Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Bí Dáramọ́lá ṣe ń pe ọlọ́pàá, Fìkáyọ̀mi ti kó sínú kẹ̀kẹ́, ó forí lé Ajégúnlẹ̀, níbi tí Oghenemaro sá sí. Malu Road ò jìnnà síbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń já a láyà. Gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá lára wọn, ojú Friday ló ń rí.

Ó bá Oghenemaro nínú àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Fóònù rẹ̀ wà nínú yàrá.

"Àǹtí, ẹ gbé ọmọ, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀wà náà kalẹ̀. "Ó ti mọ ibí?"

"Èmi ni mo ṣèèṣì fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ó pọn ọmọ, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Wọn ò tíì kọjá ilé kejì tí wọ́n fi gbọ́ tí ẹnì kan ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn iwájú.

"Maro! Comot!"

Ọmọ náà mọ ohùn bàbá rẹ̀. Kò ké. Ó kàn ti ojú bọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Dáramọ́lá ní Ìjọra ni wọ́n sá lọ. Kí ọlọ́pàá tó dé Ajégúnlẹ̀, Friday ti fọ́ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ìjọra, Oghenemaro di ọwọ́ Fìkáyọ̀mi mú. "Ibí yìí ńkọ́? Ṣé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín?"

"Rárá, Àǹtí. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan."

"Jọ̀ọ́, má kọ ọ́ o."

Kò kọ ọ́. Síbẹ̀, Friday ṣì wà níta, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.