Aṣọ Ẹlẹ́yẹ

Nígbà tí abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kejì, Aránṣọ kò tilẹ̀ pariwo mọ́. Ó fa ìka rẹ̀ yọ, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó kán sí ọrùn aṣọ funfun tó ń rán, ó tutọ́ sí i kíákíá, ó sì fi àtàǹpàkò nù ún títí tó fi lọ. Itọ́ ẹni ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ẹni kúrò lára aṣọ. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ. Aṣọ mọ́kànlá ló ṣì wà nílẹ̀, Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yìn sì ti ń ro ó láti bí ọ̀sẹ̀ méjì débi pé kò rántí mọ́ bó ṣe ń rí kí ẹ̀yìn má roni.

Ìwé tí ọkọ rẹ̀ kọ lọ́jọ́ Àìkú wà lára ògiri níwájú rẹ̀ gan-an. Awakọ̀ akẹ́rù ni baba àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọjà kò ti tà mọ́ nílé iṣẹ́ wọn, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń pè é lọ́sẹ̀. Ọwọ́ tí kò rí ìdarí ọkọ̀ dì mú mọ́ ti wá di bírò mú. Ó kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ń rà fún ọdún sílẹ̀, ó sì ń fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àkàrà òyìnbó, iná wínníwínní tí wọ́n ń so mọ́ fèrèsé, ẹ̀bùn fún àwọn ará ilé kejì tí kì í kí ènìyàn títí ọdún fi ń yí po. Ẹran nìkan ló yè é, ó sì kọ "díẹ̀" sí ìyẹn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ló ń wí bó ṣe ń fagi lé e.

Aránṣọ ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, títí bírò fi dé orí "aṣọ àwọn ọmọ".

"Èyí ńkọ́?" ni Aránṣọ bi í.

"Ti èṣí ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá wọn, ọmọ aránṣọ ni wọ́n o."

"Mo mọ̀. Ojú Àkọ́bí wá ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àkọ́bí ni àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì, ọmọ ọdún méjìlá. Nọ́ọ̀sì tó wá yẹ ojú àwọn ọmọ ilé ìwé wò ló fi ìwé rán an sílé pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun láìní awò ojú. Owó awò náà ti pé nínú agolo mílíìkì kan tó wà nínú dùrọ́ọ̀ ẹ̀rọ. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ mú un lọ, nítorí pé ilé ìtọ́jú ojú yóò tì fún ọdún, wọn kò sì ní ṣílẹ̀kùn títí ilé ìwé yóò fi wọlé.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ awò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ Aránṣọ létí. Ọmọ tó mọ̀ ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àkọ́bí ti ń bá a tú aṣọ tí wọ́n bá rán ṣì, kò sì tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Kì í tilẹ̀ wo ohun tó ń ṣe. Á gbé aṣọ lé itan, á kọjú síta, á máa fi ìka wá òwú, abẹ á sì máa tẹ̀ lé ìka náà láìgé ara aṣọ rí. Ìyá rẹ̀ ti fi yangàn lójú àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kò ríran? Àwọn oníṣègùn ojú náà fẹ́ ṣọdún ni, ó jàre.

Nǹkan bí agogo méjìlá, Ìyá Aláṣọ wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní ìparí àdúgbò, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ilé àwọn aránṣọ ló máa ń gbé ọjà lọ, nítorí ó mọ̀ pé ojú aránṣọ kì í kúrò lára aṣọ.

"Aránṣọ mi, mi ò ní pẹ́. Kí o kàn wò ó lásán ni."

Ó tú ẹrù. Aṣọ búlúù kan jáde, ó rọ̀, àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké tò sí i lára, apá wọn nà bí ìgbà tí wọ́n ń fò. Aránṣọ fi ìka méjì pa á lára, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fa etí rẹ̀ wò bóyá yóò ya. Kò rí ohun kan bá a wí, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún.

"Ta ni yóò wọ irú èyí?" ló wí, kí ó lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àwọn ọmọ tìẹ ńkọ́? Àbí aṣọ àtijọ́ lọmọ ẹni tó ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ọdún? Ẹnu ayé ò ní gbà á o. Wọ́n á ní o ṣe tiwa lọ́ṣọ̀ọ́, o gbàgbé tìẹ."

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ti ń dùn ún. Gbogbo aṣọ ọmọdé tó rán lóṣù yìí, ojú àwọn ọmọ tirẹ̀ ló fi wọ̀n wọ́n, kó tó ká wọn fún olówó wọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gé aṣọ aláṣọ, ó sì rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ "rárá" nínú ilé ara rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ojú kì í fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ló wí fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá wọlé lẹ́yìn ọdún ni yóò fi dí i. Kò sí aránṣọ tí kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ránṣọ lẹ́yìn ọdún, òun náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó fa dùrọ́ọ̀, ó sì ṣí agolo.

Kò tíì ká aṣọ náà tán nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá Ológe ni, obìnrin tí gbogbo àdúgbò máa ń wò lára kí wọ́n tó mọ ohun tí àwọn náà yóò rà. Ilẹ̀kùn iwájú ló máa ń gbà wọlé, tòun ti ariwo ìkíni. Lónìí, ó fi ìborùn bo orí títí dé iwájú, ó sì gbé ọ̀rá dúdú kan mọ́ abíyá.

"Aránṣọ, jọ̀ọ́, bá mi tú aṣọ yìí, kí o yí inú rẹ̀ síta. Inú ẹ̀ ò tíì ṣá rárá. Kí o wá pààrọ̀ kọ́là ẹ̀, wọn ò ní dá a mọ̀."

Aránṣọ wo aṣọ náà. Òun ló rán an léṣìí. "Ẹ̀yin náà, mà?"

"Èmi náà kẹ̀. Láti oṣù kẹfà ni bàbá ilé ti fẹ̀yìn tì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú. "Má jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́ o."

"Ta ni n ó sọ fún?"

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Aránṣọ dúró díẹ̀, ó di aṣọ méjèèjì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ká ní Ìyá Ológe ti ṣáájú Ìyá Aláṣọ dé ni! Ṣùgbọ́n ohun tó ti bọ́ ti bọ́. Ó pe Àkọ́bí, ó kó aṣọ títú fún un, ọmọ náà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú pẹ̀lú abẹ rẹ̀. Ó kọjú síta, ìka rẹ̀ ń rìn lórí ojú rírán aṣọ, òwú ń já tẹ̀ lé ara wọn. Ìyá rẹ̀ wò ó. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó sì tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Àkọ́bí, gbójú sókè, kí o wo nǹkan tí mo rà fún ìwọ àti àbúrò rẹ."

Ó na aṣọ náà sókè. Ibi tí ọmọ náà jókòó sí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ.

Àkọ́bí yíjú sí i. Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. "Háà, Mọ́mì! Ẹ mà ṣeun o. Búlúù! Àwọn òdòdó ẹ̀ mà rẹwà."

"Òdòdó wo?"

"Àwọn funfun-funfun yẹn, mà."

Aránṣọ wo aṣọ, ó wo ọmọ. Ó kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà. "Máa bọ̀ níbí."

Ọmọ náà dìde, ó wá, ó mú etí aṣọ náà, ó sì gbé e sókè títí tó fi kan imú rẹ̀. "Ẹyẹ ni!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹyẹ ni wọ́n! Ẹ wo apá wọn!"

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Òwú tí ò ń tú ńkọ́? Báwo lo ṣe ń rí i?"

"Mi ò kì í rí i, mà. Ìka ni mo fi ń mọ̀ ọ́n." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ iye ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gba aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù bà á díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ni?"

"Kò sí nǹkan kan. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ìtìjú bo Aránṣọ. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sẹ́ni tó máa bá a wí, síbẹ̀ ara rẹ̀ gbóná títí dé etí. Gbogbo ìgbà tó fi ń yangàn pé ọmọ òun kì í wo ohun tó ń ṣe! Ó fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Kò tíì gé ibì kankan. Ó ká aṣọ náà bí Ìyá Aláṣọ ṣe ká a wá gẹ́lẹ́, ó fa ìborùn kan tí kì í sábà lò bo orí, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Àwọn obìnrin mẹ́ta ló bá ní ìsọ̀.

"Ṣé ó ti ya ni?" ni Ìyá Aláṣọ bi í.

"Kò ya. Mo fẹ́ dá a padà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lówó mi."

"Dá a padà kẹ̀? Kí wá làwọn ọmọ rẹ máa wọ̀?"

Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú. Aránṣọ lè purọ́ nígbà náà. Ó lè ní òun ti rí òmíràn tó dára jù ú lọ. Àmọ́ irọ́ náà gba agbára, agbára sì ni kò ní mọ́.

"Ti èṣí ni wọ́n máa wọ̀. Màá tú ìṣẹ́tí ẹ̀ sílẹ̀, á tó wọn."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó máa ń ṣeé tú sílẹ̀ ni? Torí ti ọmọ tèmi náà…"

"Ẹ wò ó, ẹ ò ní ba ọjà mi jẹ́ níbí o!" ni Ìyá Aláṣọ figbe ta. Ó gba aṣọ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti etí dé etí, ó kùn títí, ó sì dá owó padà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Aránṣọ gba ọ̀nà iwájú padà sílé. Ó di owó náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò tilẹ̀ dì í mọ́ aṣọ. Àkọ́bí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ Ìyá Ológe lórí itan rẹ̀. Nígbà tó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ọmọ náà gbójú sókè, ó sì wò ó tààrà. Ó gbé abẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó dìde, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa ṣe fún àgbàlagbà tó bá ń kọjá lọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ló wí.

Aránṣọ bojú wẹ̀yìn kó lè rí ẹni tí ọmọ náà ń kí. Ojú ọ̀nà ṣófo. Ó fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ti lanu báyìí, Àkọ́bí yóò gbọ́ ohùn òun, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀", gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ tí òun bá ti ìta dé. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ọmọ náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúró kí àlejò náà dá a lóhùn.