Apá Òsì Méjì

“Apá òsì méjì! Ta ló sọ fún yín pé apá òsì méjì ni mo ní?”

Nọ́ọ̀sì àgbà ló ń pariwo níwájú dígí. Ọ̀la ni yóò fẹ̀yìn tì, aṣọ tí yóò fi dágbére fún iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀ yìí, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ti lọ́ mọ́ ọn lára bí aṣọ tútù tí wọ́n ń fún.

Aránṣọ wo apá náà lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Ẹni tó gé e gbé bébà ìwọ̀n apá lé aṣọ lẹ́ẹ̀mejì láì yí i padà. Kò sì sí aṣọ tó ṣẹ́ kù láti fi gé òmíràn. Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

“Ẹ má bínú, mà. Ọmọ mi ló gé e.”

Ọmọ náà gbé orí sókè nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ẹjọ́ tí kì í rò.

“Èmi kọ́, Màámi.”

“Pa ẹnu mọ́!”

“Mo lè pa á mọ́. Èmi kọ́ náà ni.”

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, tó ń rán bọ́tìnnì ní kọ̀rọ̀, pòṣé. “O ò rí i? Mo ní kó o mú ọmọ yìí wá sọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́ta péré. N ó bá ẹ yọ agídí yẹn lára rẹ̀ bí ẹni yọ ẹ̀gún.”

Nọ́ọ̀sì bọ́ aṣọ, ó jù ú sórí tábìlì. “Ọmọ tí kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún lẹ gbé àlùmọ́gàjí fún? Ká ní ọsibítù wa ni, à bá ti gé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀!”

Ọmọ náà dúró ṣánṣán. Kò sunkún, kò ṣẹ́jú.

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí: ẹni tó bá fẹ́ gé aṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sá fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Aránṣọ ló ṣòfin náà. Òbíríkítí ni àmì ọmọ. Ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá ni ti ìyá. Ó yí inú apá aṣọ síta, kó lè fi òbíríkítí náà dójú ti Lọ́yà.

Ìlà méjì ló rí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí: àná lòun gé e. Tíṣà kan ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ nítorí ariwo tí ẹlòmíràn pa, ó sì kọ̀. Aránṣọ ń gé aṣọ yìí, ó ń bú ọmọ náà; ó ń rán an, ó ń bú u. *Kí ló dé tí o ò kàn kúnlẹ̀?*

Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí àmì náà. Bó bá fi ra á lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ó gbójú sókè: àtàǹpàkò yẹn gan-an ni ọmọ náà ń wò. Ọmọ náà ló lọ aṣọ yìí láàárọ̀. Ó ti rí àmì yìí, síbẹ̀ kò tú ìyá rẹ̀ fó.

“Èmi ni mo gé e, mà,” ni aránṣọ wí. “Mo purọ́ mọ́ ọmọ mi.” Ó yíjú sí i. “Má bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́.”

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. “O ń bẹ ọmọ tó o bí? Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà o!”

“Àkísà náà ni mò ń fi hàn án, Ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá fi í pa mọ́, níbo ló ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́? Ẹ máa rán bọ́tìnnì yín lọ.”

Nọ́ọ̀sì tún mú aṣọ náà. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò lápá tí èèyàn ń wọ̀. Kí ni n ó wọ̀ lọ́la?”

“Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di alápá péńpé, mà,” ni Lọ́yà dáhùn. “Èyí tó lọ́ yìí fẹ̀. Ká tú u, ká gé apá ọ̀tún kékeré kan jáde lára rẹ̀, ká wá gé tòsì kó bá a dọ́gba.”

Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ká apá aṣọ sókè. Ẹ gé e.”

Aránṣọ na àlùmọ́gàjí sí ọmọ rẹ̀. “Láàárọ̀ ọ̀la, a jọ ń lọ rí tíṣà yẹn.”

“Kí n lọ kúnlẹ̀?”

“Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?”

Ọmọ náà gbé bébà lé aṣọ, ó yí i padà, ó rọra ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀. “Báyìí la ṣe ń yí i o, Màámi.”

Lẹ́yìn náà ló fa òbíríkítí, ó tóbi, ó funfun kedere. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni aránṣọ ti ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí agídí yẹn gbà wọlé. Ó wo ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ náà. Ṣebí òun tó ṣòfin àmì náà ló fi lé e lọ́wọ́.