Búta Olóòórùn Dídùn

Èkó ni Débọ̀ ti wá bá wa nílé iṣẹ́ oníke wa ní Kaduna. Òun ni ọ̀gá tó ń pinnu ohun tí a ó ṣe jáde. Èmi Hàjàrá ni mo ń tà á. Kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa tó fi lẹ ìwé ńlá mọ́ ògiri: ONÍBÀÁRÀ LỌBA. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Kò tíì kí ọ̀kan nínú àwọn ọba náà rí.

Àlàájì Abdulkareem tó ni ilé iṣẹ́ ń lọ sí Mẹ́kà. Ó ní bí Débọ̀ bá gbé ọjà tuntun kan jáde tó tà kí àwẹ̀ tó wọlé, òun yóò fi í ṣe máníjà àgbà. Bí kò bá tà, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Débọ̀ bá dojú kọ búta, kẹ́tù oníke tí àwa Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ó rán àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Doka àti Hayin Banki, kí wọ́n bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n fẹ́ràn lọ́fínńdà. Ta ni kò fẹ́ràn lọ́fínńdà ní Kaduna? Ni Débọ̀ bá po òórùn dídùn mọ́ ike, ó ní omi inú rẹ̀ yóò máa ta sánsán, oníbàárà yóò sì máa lọ kírun bí ọkọ ìyàwó.

Mo sọ fún un pé omi tí òórùn rẹ̀ bá ti yí padà kì í ṣe omi àlùwàlá mọ́. Ọmọ iléekéwú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni mí, ìwádìí òun sì ti gbọ́ tẹnu ọ̀pọ̀. Wọ́n ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó ń lọ sí Doka tó ń bèèrè ọ̀nà àdúgbò Barakallahu ńkọ́? Inú bí mi gan-an, torí èmi ni àwọn oníṣòwò mọ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo kó búta náà dé Hayin Banki, Alhaja Amudat, oníbàárà mi àtijọ́, bomi sí ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá gbogbo ẹrù padà sínú ọkọ̀. Débọ̀ ní àwọn ará ibẹ̀ kò lajú ni.

Ọjọ́ tí Àlàájì dé, àsìkò ìrun ti tó, ó bèèrè omi. Débọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé búta tuntun fún un. Àlàájì bu omi sọ́wọ́, ó gbé e símú, ó rọra da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní kí n fún òun ní píọ̀ wọ́tà. Ó fi eyín ya á, ó sì ṣe àlùwàlá níṣojú wa.

Ó kírun tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Débọ̀, èèyàn mélòó lo bi?"

"Wọ́n pọ̀, sà. Wọ́n lé ní igba."

"Nínú wọn, ta lo bi pé kí ló ń fi búta ṣe?"

Débọ̀ ní òun á lọ palẹ̀ ẹrù òun mọ́.

"Haba, ta ló lé ọ? Lọ gba ìsọ̀ ní Hayin Banki. Tí búta yìí bá tán lọ́wọ́ rẹ, kó o máa lọ sí Èkó."

Àwẹ̀ ti dé, ó ti lọ. Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá, mo bá obìnrin kan tó ń bi í pé kí ló ń tà. Débọ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ni. Obìnrin náà wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó wá bi í pé ta ló gbin òdòdó sí Hayin Banki.