Ẹlẹ́dẹ̀ Ẹ̀yìn Ààrò

"Mẹ́rin péré! Marta, mẹ́rin!" Stipan tún wọn kà, bíi pé kíkà lè mú wọn pọ̀ sí i. "Ẹran tó ń jẹ àgbàdo bíi pé ìjọba ló ń bọ́ ọ! Ológbò wa gan-an bí márùn-ún lọ́dún yìí."

Opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Marta, òun àti bàbá ọkọ rẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n sì jọ ń gbé, ní abúlé Slavonia kan tí ilé tó ṣì ń sin ẹlẹ́dẹ̀ dúdú kò pé mẹ́ta mọ́. Ó ń fi koríko gbígbẹ nu ara Cvita, abo ẹlẹ́dẹ̀ tó bímọ láàárọ̀. Cvita ń fi imú tì í lápá. Fídà ni Marta fi tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé ìdáná, lẹ́yìn ààrò.

"Ìyàwó, mo sọ tèmi o," ni Stipan wí. "Garavuša, abo wa kejì, náà á bímọ lónìí. Bá ò bá rí abo gidi nínú ọmọ rẹ̀ tá a lè fi ṣe ìyá, tó bá di ìgbà ìpa-ẹlẹ́dẹ̀ lóṣù kọkànlá, gbogbo wọn ń lọ nìyẹn. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mi ò lè máa bọ́ ẹran tí kò bímọ."

Pavo ọkọ Marta ló kó ìran ẹlẹ́dẹ̀ yìí jọ kó tó kú. Bí wọ́n bá tán, kí ló kù?

Jasna, dókítà ẹran tó wá yẹ Cvita wò, dìde nílẹ̀. "Ìyá, ìyá tó bí Cvita ńkọ́? Ṣé òun mu ọmú ìyá tiẹ̀?"

"Liska kẹ̀? Rárá o! Ìyá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ sùn lé e. Wọ́n bí i tán báyìí ni mo gbé e sẹ́yìn ààrò, mo ń fún un ní wàrà màlúù. Ìyá ìyá ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Dókítà, èyí tí mo bá fọwọ́ tọ́ kì í sá fún mi. Tó bá di oṣù kọkànlá, ta ló máa fọ̀bẹ kan ẹran tó ń jẹ́ ẹ nígbà tó o bá pè é? Àwọn yẹn la máa ń dá sí. Àwọn tó kù là ń pa."

Jasna mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń lé. Tí wọ́n bá bí abo ẹlẹ́dẹ̀, ilé ọmọ rẹ̀ ò tíì parí. Ohun tó wà nínú omi ọmú ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ló ń bá a kọ́ ọ lọ. Èyí tí ò bá rí i mu lè sanra, ara ẹ̀ lè máa dán, àmọ́ àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọmọ rẹ̀ kì í sábà pọ̀."

Marta jókòó sínú koríko gbìì. "Yéè! Àṣé ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà! Àwọn tó mu ọmú yó ni mò ń pa jẹ, àwọn tí ò mu ún ni mò ń sọ di ìyá!"

"Àánú ló fà á, Ìyá."

"Àánú tó fẹ́ẹ̀ run ìran!" Ó di ọwọ́ Jasna mú. "Ẹ ṣé, dókítà. Ẹ ṣé gan-an ni. Ogún ọdún ni gbogbo abúlé fi ń yìn mí pé mo láájò ẹran. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi."

Lọ́sàn-án, ìrọbí mú Garavuša, abo kan ṣoṣo tí Stipan fúnra rẹ̀ yàn, tó mu ọmú ìyá rẹ̀ yó. Marta kúnlẹ̀ tì í. Bí ọmọ kan ṣe ń jáde ló ń nu imú rẹ̀, ló ń gbé e sẹ́nu ọmú. Èyí keje tí ó jáde kéré bí àtẹ́lẹwọ́, abo ni, kò sì lè fa ọmú. Kí Marta tó mọ̀, ó ti fi épírọ́ọ̀nù wé e, ó ti dìde.

"Ẹsẹ̀ ẹ ń lọ síbo?" Stipan ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Marta dúró. Lẹ́yìn náà ó padà, ó fún omi ọmú sínú ṣíbí, omi náà ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà gbé e mì, ó tún gbé e mì, nígbà tó yá ó fẹnu ara rẹ̀ wá ọmú rí.

"O ṣé, Garavuša," ni Marta wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Abiyamọ tòótọ́, o ṣé o."

Mẹ́wàá ló bí, abo sì ni mẹ́fà. Stipan gbé àpótí ìjókòó wá fún Marta àti ọtí rakija díẹ̀ nínú ife. "Ìyàwó, o ṣe bẹbẹ. Ó yá, yan èyí tá a máa fi ṣe ìyá."

Ojú Marta ti lọ sára èyí tó kéré jù. Ó gbójú kúrò.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n yàn. Èyí tí àánú ẹ̀ bá ṣe mí ni mo máa ń mú, ẹ sì ti rí ibi tó gbé wa dé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹ kàn bá mi fi Cvita sílẹ̀. Kó má bímọ mọ́, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọ̀bẹ kàn án. Òun kọ́ ló ṣẹ̀ wá."

Bàbá mi orí pé òun gbà. Ó rọra kúnlẹ̀ sínú koríko, eegun rẹ̀ ń dún, ó sì gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orí ọmú abẹ́ ikùn wọn, kó lè mọ èyí tó máa lè bọ́ ọmọ púpọ̀.

"Èyí," ló wí. Ó wá nawọ́ sí òmíràn. "Àti èyí. Ẹyọ kan ò tó wa."