Ife Ọsàn Gíréèpù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún aránṣọ kan pé ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà ti gbé ogun ti ọ̀rá. Ó lé bọ́tà kúrò nílé. Oníbàárà kan ní ọsàn gíréèpù, ọsàn ńlá tó korò yẹn, a máa jẹ ọ̀rá run, ló bá ń fún ife ńlá kan fún ọkọ láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́. Omi ọsàn a máa ta á gidi níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un lọ́wọ́, síbẹ̀ kò dẹ́kun. Òun ni ọkọ fi ń gbé oògùn ọ̀rá tí wọ́n kọ fún un mì, á sì fún ojú pọ̀ bí ọmọdé.

Bíríkìlà ni ọkọ, ẹni tó ń ru síméńtì gun àkàbà láìmí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó ní iṣẹ́ ni. Ìyàwó fi ife kan kún un. Lọ́jọ́ tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, àyà ìyàwó já, ó di ọsibítù.

Dókítà obìnrin tó gbà wọ́n ní ẹran ara ọkọ ló ń yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ó jọ pé oògùn náà ti pọ̀ jù lára rẹ̀, ó sì bèèrè ohun tó fi ń gbé e mì.

“Omi ni,” ọkọ dáhùn kíá.

Aránṣọ wò ó. Òkè àjà lọkọ ń wò. Ẹ̀rù ba obìnrin náà, ojú tì í, àmọ́ ó fa fúláàsì ọsàn yọ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì.

“Irọ́ ni, Dókítà. Èyí ni. Èmi ni mò ń fún un.”

Dókítà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní ọsàn yìí kì í jẹ́ kí ara lo oògùn náà tán, ńṣe ló ń kó jọ. Kí wọ́n dá méjèèjì dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fa omi sí i lára, kó sì máa mu omi dáadáa. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá kíndìnrín ò ní daṣẹ́ sílẹ̀. Ó jáde.

“Ẹni tó ta oògùn ti kìlọ̀ ọsàn yìí fún mi,” ni ọkọ sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ẹ mọ̀? Ẹ sì ń mu ún?”

“Mi ò mọ̀ pé ó le tó yìí. Mo ń rí bó ṣe ń ta ẹ́ lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò mu?”

Inú bí ìyàwó débi pé ó sunkún. Ó da ọsàn náà sínú síǹkì, ó bu omi lásán sínú ife, ó gbé e sí ọkọ lẹ́nu. Ọkọ mu ún tán, kò fún ojú pọ̀.