Àpò Iyọ̀ Akínlàjà

Yàrá àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn ni mo bá ara mi, àmọ́ kò ní òrùlé mọ́. Òwú ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, kò sì kan ilẹ̀. Wọ́n tẹ́ gbogbo bẹ́ẹ̀dì dáadáa, kò sí ẹnì kankan lórí wọn. Síbẹ̀ mo ń gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ lẹ́yìn ògiri, ẹkún ọmọ tí eegun ń ro.

Akínlàjà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ránṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ ó mọ bí ọkàn mi ṣe rí. Olólùfẹ́ mi tí wọ́n ti gbé sin ló jókòó yìí, àdúmáradán mi. Àwọn ìka rẹ̀ tí àìsàn arọmọléegun máa ń mú wú kò wú mọ́. Iyọ̀ kún àwo lórí itan rẹ̀. Ó ń bù ú sínú àwọn àpò kéékèèké tó fi àjákù aṣọ rán, ó ń rán ẹnu wọn pa.

Iṣẹ́ tó ṣe títí ikú fi dé nìyẹn. Bí ìrora bá gbé e, ìyá rẹ̀ a yan iyọ̀ nínú agbada gbígbẹ, wọn a dà á sínú àpò, wọn a gbé e lé e léegun, ara a sì tù ú. Ó ní kò yẹ kó jẹ́ ti òun nìkan, pé gbogbo ọmọ tó ń ké nínú yàrá ọmọdé nílé ìwòsàn tí òun ti ń gba ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ní tiwọn. Télọ̀ ni. Orí ibùsùn àìsàn ló ti ń rán an, èmi ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ó kú kí a tó pín in. Ìyá rẹ̀ kó gbogbo àpò náà, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo lá àlá yìí ni mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í pín ẹrù rẹ̀. Ta ni yóò gbé ohun tí ọwọ́ ẹni tó kú ní rèwerèwe ṣe lé ọmọ aláìsàn lára? Wọ́n ní bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn yóò dáná sun ún. Mo padà sílé wá sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

"Àwẹ̀ró, bá mi ki òwú bọ̀ ọ́."

Mo ṣe é. Mo sọ fún un pé ayé ti ṣókùnkùn mọ́ mi lójú, pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi mọ́, pé ibi yòówù kó ń lọ, kó mú mi dání.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O tún ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Bí mo bá mú ọ lọ, ta ni yóò yan iyọ̀?"

"Màmá máa dáná sun ún, Làjà."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń rán an?"

Ẹkún ẹ̀yìn ògiri le sí i. Ó tẹ́tí sí i.

"Ìrora tèmi ti lọ, Àwẹ̀ró. Tiwọn ni kò jẹ́ kí n sùn."

Mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Òfìfo ni apá mi gbá mú. Ó ti dìde. Ó fi àpò kan tí ẹnu rẹ̀ ṣì là sí mi lọ́wọ́, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rán."

"Ta ni kò mọ̀? Ìwọ tí o kò lè lẹ bọ́tìnnì kan." Ohùn rẹ̀ ti ń jìnnà. "Rán an bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tìrẹ ṣì gbóná."

Mo jí. Èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé ilé Làjà, tí kò jìnnà sí tiwa, láìwọ bàtà. Àwọn àpò náà ti ń jó, iyọ̀ ń ta nínú iná. Ìyá Làjà na ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú wọn gbẹ. Ó ń ṣe mí bíi kí n ki ọwọ́ bọ iná náà. Ó ń ṣe mí bíi kí n kó sínú rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Mo ti rò pé nítorí ìfẹ́ wa ni Làjà ṣe wá bá mi lójú àlá. Nítorí àwọn ọmọ yẹn ni. Ohun tí ọwọ́ òkú rán ni wọ́n ń sun. Ọwọ́ tèmi kì í ṣe ọwọ́ òkú.

"Màmá," mo ní, "báwo lẹ ṣe máa ń yan iyọ̀ náà tí kì í fi í jó Làjà lára?"

Wọ́n gbé ojú kúrò lára iná.

"Tó bá ti ń ta, sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí o tó gbé e lé ọmọ lára, kọ́kọ́ gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bú sẹ́kún.