Ojú Tí Haleem Kò Ṣí

"Bí òkú bá sín ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Gángan, ẹ̀rọ tèmi ló kọ́kọ́ ń kí i pé yàrámukàlá!" Haleem na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ọ̀sà mọ́ra. "Láti ibí títí dé Marina, kò sí ẹni tó kú tí n kò mọ ibi tó jókòó sí. Àní àwọn tó kú kí òyìnbó tó dé, orúkọ ni mo fi ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ mi ní 'sà'!"

Nusrat kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ jòjòló wà lẹ́yìn rẹ̀, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Òjò ti wọ yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà. Kò sí ibi tí ọmọ yóò sùn lálẹ́ òní àfi yàrá bàbá Nusrat lókè ilé yìí, èyí tí wọ́n ti tì pa láti ìgbà tí Àlàájì Jíbrílù ti kú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Àlàájà Àmúdàtù di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú. "Bàbá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ Haleem rí i. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni? 'I too see!' Ó ríran ju gbogbo wa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló bí gbogbo wàhálà. Haleem, ọmọ àbúrò Àlàájà, ló gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan wálé, kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní yóò máa tan iná ilé. Ó so ojú kékeré kan mọ́ ọn nínú yàrá òkè, ojú tí ń mọ ooru ara ènìyàn, kí iná lè tàn fún ẹni tó bá wọlé. Ọ̀nà tí ojú náà ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní I2C. Haleem kà á sókè: "Ai-tu-sí." Àlàájà, tó ti ń fi pìjín nájà ní Ìdúmọ̀tà kí wọ́n tó bí Haleem, gbọ́ tirẹ̀.

"I too see? Kí ló rí?"

Ẹlòmíì ì bá ní kò rí nǹkan kan. Ẹnu Haleem kì í ṣe irú ẹnu bẹ́ẹ̀. "Àlàájì ló rí," ló wí.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Màgáríbì tán, iná yàrá náà á tàn. Àlàájà á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Bàbá Nusrat, ẹ káalẹ́ o." Á ròyìn ọjà, á ròyìn orúnkún tó ń ro ó. Haleem, tó tẹ fóònù ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí iná fi tàn, á fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lọ́sàn-án, wọ́n á fún un ní kọ́kọ́rọ́ pé kó lọ tọ́jú ẹ̀rọ. Á sùn fọnfọn lórí bẹ́ẹ̀dì olóògbé.

Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ kan, Àlàájà gbórí lé ilẹ̀kùn. "Ẹ foríjì mí. Ẹ̀ ń pè mí lóru ọjọ́ tí ẹ kú, oorun ni kò jẹ́ kí n jẹ́." Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu Haleem. Síbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Ta ni yóò pa iná mọ́ ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì lójú? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún... Kì í fẹ́ parí òwe náà.

Ní báyìí, Nusrat ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ tí wọ́n so kọ̀ǹpútà náà mọ́. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní kọ̀ǹpútà ní Ọbáléńdé. Ó ṣí sẹ́tíǹsì. Ó wò ó títí.

"Haleem."

"Àǹtí mi àtàtà!"

"Ai-tu-sí tí ò ń pariwo, títì ló wà. Kò ṣí rí. Ojú yìí kò tíì rí eṣinṣin."

"Àǹtí, ṣé òkú ń gba ẹnu ọ̀nà ni?"

"Mú fóònù rẹ wá."

Nusrat tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan. Iná tàn lókè. Ó tún un tẹ̀, iná kú.

Àlàájà gbójú sókè wo àjà, ó sì gbé e bọ̀ sára Haleem díẹ̀díẹ̀. "Ṣé ìwọ lò ń gbọ́ mi?"

Ẹni tí àwọn òkú ń jẹ́ ní 'sà' rọra ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

Nusrat yí Ai-tu-sí padà sí ṣíṣí, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Òun àti Haleem tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ń mí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, yàrá òkè hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ó tutù, ó sì dúdú bí omi ọ̀sà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni pupa kan, àwọ̀ ooru ara, yọ létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ga tó ènìyàn. Ó rọra jókòó. Iná tàn.

Fóònù wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Láìláhà!" Haleem fò kọjá àga Àlàájà, ó já síta láìwọ bàtà. Ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ ní láti wọ ọ̀kadà kó tó bá a ní Marina.

Etí omi ló ti dúró mí. Ibẹ̀ ló ti wá rántí àga tó fò. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ojú wà lára tẹlifíṣọ̀n, Àlàájà ti mú kọ́kọ́rọ́, ó ti gòkè lọ jókòó fúnra rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò kí mọ́.

Haleem yíjú sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

Ì bá jẹ́ òkú Àlàájì ló jókòó síbẹ̀, ì bá padà; Àlàájà ni.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.